Ojú Tó Rí, Ẹnu Tó Sọ: Ayé Inú Ẹ̀rọ àti Ìtàn Àjùmọ̀sọ nínú Kíkọ́ni ní Sáyẹ́ǹsì

Púpọ̀ nínú ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń kọ́ ọmọ ni ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì, èyí tí í ṣe ẹyọ kékeré tí a fi mọ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, sábà máa ń kéré ju ohun tí ojú lè yà sọ́tọ̀ lọ; átọ̀mù, tí gbogbo ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ti ara rẹ̀ wá, tún kéré ju sẹ́ẹ̀lì lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún; oòrùn tí gbogbo ayé ń rí lójoojúmọ́ sì jìnnà tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Nítorí náà, láti ìgbà tí ìmọ̀ yìí ti wọ ilé-ìwé, oníròyìn ni olùkọ́ rẹ̀ jẹ́: ó ń ròyìn ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí fún ọmọ tí kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní àkókò yìí, ẹ̀rọ kan ti dé tí àwọn tó ń tà á ń fọ́nnu pé ó ti fi òpin sí ìròyìn, pé àfojúbà nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà tó pa òwe àkọ́kọ́ ni wọ́n tún sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ kíkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì dúró sí lónìí, ẹni tó bá sì di ọ̀kan mú tó ju ìkejì nù yóò ṣi ọmọ lọ́nà.

Kí a tó gbé ohun tuntun ka orí ìwọ̀n, ó yẹ kí a rántí bí ti àtijọ́ ti rí, láìbù kún un, láìbù kúrò nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá, pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti ìwé kan tí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin jọ ń wò ni gbogbo ohun èlò tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní, èyí tó bá kù, inú ọgbà ilé-ìwé ni yóò ti wá a. Yóò ní kí wọ́n já òdòdó wá kí wọ́n lè rí ibi tí èso ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò hú ẹ̀wà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí wọ́n lè rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀, níbi tí àwọn bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí, ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ewéko náà. Níbi tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, àkọ́sórí ló ń jókòó sí ipò rẹ̀. Ìlànà ìdánwò pàápàá gba èyí láyè: nínú ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama tí àjọ WAEC ń ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé-ìwé ni ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹni tó dá forúkọ sílẹ̀ láti ìta, ìbéèrè nípa iṣẹ́ àyẹ̀wò ni yóò dáhùn sórí ìwé. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ènìyàn yege nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí láìfojú kan maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, ní gbogbo ọjọ́ tó fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí mọ ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń bí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó lè ya sẹ́ẹ̀lì ewéko láìṣi ìlà kan, tó sì mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ débi pé kò sí olùdánwò tí yóò yọ máàkì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé báwo ni sẹ́ẹ̀lì yóò ti rí bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó dáhùn láìmikàn pé pẹlẹbẹ ni, bíi kọ́bọ̀. Kò purọ́, kò sì ya ọ̀lẹ. Pẹlẹbẹ ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ti rí láyé rẹ̀, nítorí pé orí pátákó àti ojú ìwé nìkan ló ti rí wọn. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú ìdánwò, ó sì lè bá ọmọ wọ yunifásítì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ìgbà ṣọ́ọ̀kì náà sì ní ọgbọ́n kan tí kò yẹ kí ó bá eruku rẹ̀ lọ. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń ya ọkàn ènìyàn sórí pátákó, kì í yà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ fa ògiri rẹ̀ yíká, yóò dúró. Yóò pín in sí apá ọ̀tún àti apá òsì, yóò bi wọ́n pé kí ni ìdí tí ẹ̀jẹ̀ tó ti lo ọ́síjìn rẹ̀ tán kò fi gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tuntun láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà tí wọ́n bá ti dáhùn ni yóò tó ya ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde. Lójú àwọn ọmọ náà, àwòrán ọkàn kò sọ̀ kalẹ̀ láti òkè; wọ́n rí i bí ìlà kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀lé ìdí rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yìí, tí ó ń jẹ́ kí òye ọmọ bá ọwọ́ olùkọ́ rìn, ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn gbogbo ẹ̀rọ tó bá ní òun fẹ́ gbapò ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní virtual reality, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gé kúrú sí VR, tí a ó sì máa pè ní ayé inú ẹ̀rọ nínú àròkọ yìí. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ibi tí ojú ọ̀tún wà lórí yàtọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ojú òsì wà, nítorí náà àwòrán tí ọ̀kan rí kò bá ti èkejì mu délẹ̀. Ọpọlọ ló ń so méjèèjì pọ̀, inú ìyàtọ̀ wọn ló sì ti ń mọ ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà. Ní ọdún 1838, Charles Wheatstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí a bá gbé àwòrán pẹlẹbẹ méjì, tó yàtọ̀ díẹ̀ síra, síwájú ojú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan ṣoṣo tó ní ìjìnlẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó yóò rí. Ní ọdún 1968, Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ènìyàn lè gbé sórí, tí kọ̀ǹpútà sì ń yí àwòrán rẹ̀ padà bí orí bá ti yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àjà ni wọ́n so apá kan nínú ẹ̀rọ náà mọ́. Lónìí, awò VR, èyí tí a ń dè mọ́ ojú, lè tún àwòrán náà yà ní ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ọdún 2014 tí ilé-iṣẹ́ Google ti gbé Cardboard jáde, ìyẹn páálí kíká tó ní awò méjì tí a ń ti fóònù bọ̀, ohun tó jẹ́ ti ilé ìwádìí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí olùkọ́ lè kó sínú báàgì lọ sí kíláàsì.

Oore tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe kì í ṣe kékeré, àgàgà níbi tí ayé gidi fúnra rẹ̀ ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. Òfin àkọ́kọ́ tí Newton ṣe nípa ìrìn ohun gbogbo sọ pé ohun tó bá ti ń lọ yóò máa lọ ní ojú ọ̀nà tààrà láìdẹwọ́, àyàfi tí agbára kan bá dá a dúró tàbí tí ó yí i padà. Kò sí ọmọ tó rí èyí rí. Bọ́ọ̀lù tó gbá ń yí díẹ̀ ó ń dúró, kẹ̀kẹ́ tí kò wà mọ́ ń dúró, nítorí pé fífi ara gbora, ìyẹn agbára tí ń fa nǹkan sẹ́yìn níbi tí ohun méjì bá ti ń ha ara wọn, wà níbi gbogbo tí ọmọ bá tẹ ẹsẹ̀ sí. Ó wá dá a lójú pé dídúró ni àdámọ́ gbogbo nǹkan, olùkọ́ sì lè ka òfin náà sí i létí títí láìjẹ́ pé ó gbà á gbọ́. Yorùbá ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Chris Dede àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ayé inú ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní NewtonWorld, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè bọ́ sí ipò bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kí ó sì mọ bí ìrìn rẹ̀ ti rí níbi tí kò sí agbára tó ń fà á sílẹ̀. Oko ẹlòmíràn ni wọ́n mú ọmọ lọ yẹn. Ohun tí awò lè ṣe dára jù lọ nìyí: kí ó mú ọmọ kúrò níbi tí ìrírí ojoojúmọ́ ti sé e mọ́, kí ó lè padà wá wo ìrírí náà pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dé oko olóko lè darí dé láìmọ ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Ọmọ kan wà tí wọ́n gbé awò fún láti wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tó ké, tó rẹ́rìn-ín, tó na ọwọ́ láti mú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú awò náà tí wọ́n sì bi í pé iṣẹ́ wo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa náà ń ṣe, ó ní wọ́n pupa, wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń yí. Olùkọ́ tún ìbéèrè náà ṣe lóríṣiríṣi, ìdáhùn náà kò yí padà. Ojú ti rí, òye kò rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ bá ohun tí àwọn olùkọ́ ti fojú rí yìí mu. Ní ọdún 2018, Jocelyn Parong àti Richard Mayer ní Yunifásítì California fi ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà méjì: àwọn kan wọ inú ayé inú ẹ̀rọ, àwọn kan sì wo àwòrán àti ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lásán. Àwọn tó lo awò gbádùn rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó wo àwòrán lásán ló mọ ẹ̀kọ́ náà jù. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Guido Makransky ti Yunifásítì Copenhagen ní Denmark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò: awò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ túbọ̀ rò pé òun wà níbẹ̀, ó sì dín ohun tó kọ́ kù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àyè tí ọpọlọ fi ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun dání kí ó tó tò ó pa mọ́ kò fẹ̀, bí àwọ̀, ìró, ìrìn àti ìyàlẹ́nu bá sì ti kún inú rẹ̀, kò sí ibi tí ìdí ọ̀rọ̀ yóò jókòó sí. Ohun tí olùkọ́ oníṣọ́ọ̀kì ń fi sùúrù yà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ayé inú ẹ̀rọ dà á síwájú ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ Parong àti Mayer tó yẹ kí olùkọ́ rántí ju àbájáde àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n pín ìrìn àjò inú ẹ̀rọ náà sí ìpele, tí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan kí ó kọ kókó ohun tó rí sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àwọn wọ̀nyí mọ ẹ̀kọ́ náà ju àwọn tó lo awò láìdúró. Awò kan náà ni, ìran kan náà ni. Sísọ ni ìyàtọ̀. Ojú tí kò bá ní ẹnu lẹ́yìn, ojú àlejò ni.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹni tó bá mọ bí Yorùbá ti ń kọ́ ọmọ lálẹ́. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣáájú: a ó sọ àmì ohun kan, a ó fi ohun náà pa mọ́, ọmọ yóò sì máa rò ó láti ara àmì títí yóò fi kan ohun tó bá gbogbo wọn mu. Ìrònú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó fọwọ́ mú átọ̀mù kí ó tó mọ̀ pé ó wà. Àmì rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni àlọ́ àpagbè, ìtàn olórin, yóò dé. Apàlọ́ kì í sọ ọ́ fún odi: bí ó bá kígbe àlọ́, wọn yóò dá a lóhùn, bí orin bá dé, wọn yóò gbè é, bí ìtàn bá sì parí, àgbà yóò bi ọmọ léèrè ohun tí ó rí kọ́. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń sọ eré di ẹ̀kọ́, ọmọ tó bá sì ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kì í gbọ́ ìtàn lásán.

Ohun tí a pè ní ìtàn àjùmọ̀sọ nínú àkọlé àròkọ yìí ni ìtàn tí ẹni tó ń gbọ́ ọ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, tí ohun tó bá ṣe tàbí tó bá yàn ń yí ibi tí ìtàn náà yóò já sí padà. Ẹ̀rọ ayé òde òní lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí apàlọ́ kan kò lè sọ ọ́, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ọmọ lè rin ọgọ́rùn-ún ọ̀nà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tà lábẹ́ orúkọ yìí kò ju kí ọmọ tẹ ọ̀tún tàbí kí ó tẹ òsì lọ, láìsí àmì tí yóò fi mọ ìdí tí ọ̀kan fi dára ju èkejì. Ọmọ tó yan ọ̀nà láìní ìdí kò kópa nínú ìtàn. Ó kàn fi ọwọ́ ti ìtàn síwájú ni. Nínú àlọ́ àpamọ̀, ìdáhùn tí kò bá bá àmì mu kò lọ, bí ó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ní ohùn tó, òfin yìí sì ni ó yẹ kí ìtàn sáyẹ́ǹsì dì mú.

Àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé òfin náà ni EcoMUVE, èyí tí Dede, Tina Grotzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Yunifásítì Harvard fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kì í ṣe awò ni wọ́n fi ń wò ó, kọ̀ǹpútà lásán ni, èyí sì fi hàn pé ìtàn tó gún régé lè gbé ọmọ wọnú ayé mìíràn láìde ohunkóhun mọ́ ọn lórí. Ọmọ yóò bá ara rẹ̀ létí adágún omi kan. Yóò rìn yí i ká, yóò ka iye ohun ẹlẹ́mìí tó rí, yóò wọn bí omi ti gbóná tó àti bí ọ́síjìn tó yòrò sínú rẹ̀ ti pọ̀ tó, yóò sì lè wọ ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan láti wo àwọn tí ojú kò lè rí. Ó lè lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ó tún padà lọ ní ọjọ́ mìíràn nínú ìgbà ooru kan náà. Ó di ọjọ́ kan, ẹja ńláńlá ti kú sétí omi. Kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tó pa wọ́n. Àwọn ọmọ yóò pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, olúkúlùkù yóò mú ohun tó rí wá, wọn yóò sì jọ rò ó.

Ohun tí ọmọ máa ń kọ́kọ́ fura sí ni májèlé àti ẹni ibi: ẹnì kan ló da nǹkan sómi lánàá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé àmì padà sẹ́yìn, wọn yóò rí i pé ajílẹ̀ tí wọ́n dà sórí koríko níbi tí kò sí létí adágún náà ni òjò gbá wọnú omi. Pé ajílẹ̀ yìí mú kí àwọn ewé omi tín-ín-tìn-ìn-tín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae, gbilẹ̀. Pé nígbà tí àwọn ewé náà kú, bakitéríà tó ń jẹ wọ́n rà ló lo ọ́síjìn inú omi tán. Àti pé omi tó gbóná, tí atẹ́gùn kò sì rú, kò lè tètè rí òmíràn gbà. Àìrí ọ́síjìn mí ló pa ẹja náà. Ẹni tó da ajílẹ̀ kò sí nítòsí, kò sì ní èrò ibi lọ́kàn, ọjọ́ pípẹ́ sì ti wà láàárín iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ikú ẹja. Kò sí àwòrán orí pátákó tó lè fi irú ìdí tó jìnnà bẹ́ẹ̀ yé ọmọ tó bí ìtàn tó fúnra rẹ̀ túdìí rẹ̀ ti lè ṣe.

Bí a bá wá fẹ́ sọ ìtàn náà ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe kí a kàn yí orúkọ adágún náà padà. Epìyà àti àrọ̀ ni ẹja tí ọmọ ibí mọ̀. Epìyà gbára lé ọ́síjìn inú omi, ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi, èyí ló jẹ́ kí ó lè wà láàyè fún ìgbà pípẹ́ nínú omi díẹ̀ tó wà nínú báàfù ọlọ́jà. Nínú adágún tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán, epìyà yóò ti léfòó tí àrọ̀ yóò ṣì máa yọ ẹnu sókè gba afẹ́fẹ́. Ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà yóò béèrè pé bí májèlé bá ni, kí ló dé tí ó fi dá àrọ̀ sí? Ìbéèrè yẹn ti fọ́ èrò àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé olùkọ́ sọ̀rọ̀. Inú ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni àmì náà wà, ẹni tó sì mọ ọjà náà ló lè mọ̀ pé àmì ni.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ èdè wọlé. Púpọ̀ nínú ayé inú ẹ̀rọ tó wà lọ́jà, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe amọ̀nà nínú rẹ̀, ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ lẹ́nu yóò sì máa wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kí ó máa wá ìdí nǹkan. Láti ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ní èdè Yorùbá, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù ju àwọn tí a fi wọ́n wé lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni pé ọmọ tó bá lè fi èdè rẹ̀ béèrè ni yóò béèrè dé ìdí. Ọ̀nà kò sì dí: àwọn àfarawé PhET, ìyẹn iṣẹ́ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, tí Carl Wieman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní ọdún 2001, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní ọdún 2002, wà lọ́fẹ̀ẹ́, àyè sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ tú wọn sí èdè rẹ̀.

Àìní ohun èlò tó pọ̀ pàápàá lè kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní ilé-ìwé kan tí gbogbo kíláàsì ní páálí awò kan àti fóònù kan, olùkọ́ fi ọmọ kan ṣe ojú fún àwọn yòókù. Ẹni tó gbé awò wọ̀ ń sọ ohun tó rí, àwọn tó kù ń bi í léèrè, ọ̀kan nínú wọn sì ń ya ohun tí wọ́n gbọ́ sórí pátákó. Bí àwòrán náà bá rú wọn lójú, wọn a ní kí ó tún wò ó dáadáa, kí ó sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà falẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, àwọn tí kò gbé awò sójú rárá lè ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀. Ìròyìn àti àfojúbà ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ilé-ìwé tó bá lówó láti ra awò fún gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kíyè sí i kí ó má baà ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ ọn, níbi tí olúkúlùkù yóò ti máa dá wo tirẹ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò sọ nǹkan kan fún ẹnì kejì.

Àwọn ewu mìíràn wà tí kò gba ọ̀rọ̀ gígùn. Awò lè mú kí òòyì kọ́ ọmọ, nítorí pé ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń rìn nígbà tí inú etí, níbi tí ara ti ń mọ ìdúró rẹ̀, ń sọ pé kò rìn. Àwọn tó ń ṣe awò pàápàá fi ààlà ọjọ́ orí sí i, ohun tí a bá sì fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bákan náà ni ohun tó jẹ́ ti olóhun lè lọ nígbàkigbà: ètò Expeditions tí Google fi ń mú akẹ́kọ̀ọ́ rìnrìn àjò inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, wọ́n sì pa á tì ní ọdún 2021, àwọn olùkọ́ tó ti fi í ṣe òpó ẹ̀kọ́ wọn ní láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè àmọ́dún. Ọ̀nà ìkọ́ni tí yóò tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ lè dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá yí padà.

Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òtítọ́. Ayé inú ẹ̀rọ, ènìyàn ló kọ ọ́, kò sì sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ohun tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ tàbí tó yàn láti fi hàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń léfòó kọjá nínú rẹ̀ ní àyè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kó bí ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì há mọ́ra débi pé kò sí ẹni tí ìbá rí iwájú. Àárín gbùngbùn átọ̀mù, tí àwòrán máa ń yà bí ẹ̀wà inú àwo, kò tó ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ìbú átọ̀mù náà, kò sì sí ojú awò tó lè ya méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ti rí. Ẹni tó ya wọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣe búburú, nítorí pé gbogbo ìkọ́ni ló ń yan èyí tí yóò fi hàn; ewu rẹ̀ ni pé ohun tí a yà sórí pátákó ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀ pé àwòrán ni òun, ṣùgbọ́n ohun tó yí ọmọ ká lọ́tùn-ún lósì ń sọ fún un pé òun ni òtítọ́. Sáyẹ́ǹsì sì dá lórí pé ohun gidi ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Adágún gidi lè já onímọ̀ ní irọ́, ó lè fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ hàn án. Adágún inú ẹ̀rọ kò lè já ẹni tó kọ ọ́ ní irọ́ láé. Nítorí ìdí èyí, ọmọ tó bá yanjú ìtàn adágún nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lọ sétí odò tàbí adágún tó wà ní ìlú rẹ̀, kí ó wọn omi rẹ̀, kí ó sì rí ibi tí ìtàn àti omi kò ti bára mu.

Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ òde òní yára mọ ẹ̀rọ lò ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí olùkọ́ tìtorí èyí bẹ̀rù tàbí kí ó jókòó tì. Ohun tó wà lórí pẹpẹ ni ìbéèrè tó tọ́, àkókò tó yẹ kí a bi í, àti sùúrù láti dúró de ìdáhùn. Ọ̀kankan nínú wọn kì í bá awò wá nínú páálí rẹ̀. Ìjọba, òbí àti àwọn ilé-ìwé tó ń náwó sí ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ náwó sí olùkọ́ tí yóò dá ìran dúró ní ààrin, tí yóò ní kí ọmọ sọ ohun tó rí, ìdí tó fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni, àti ohun tí ìbá rí ká ní èrò rẹ̀ kò tọ̀nà. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí títí tó fi ń bi ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí ti di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ awò.